Springsteen kọ́ ló ni "Jersey Girl"

Wọ́n ń pín in kiri pé Bruce Springsteen, olórin ará Amẹ́ríkà, ló ṣẹ̀dá orin "Jersey Girl". Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Tom Waits, olórin Amẹ́ríkà mìíràn, ló ni orin náà. Ó wà nínú àwo rẹ̀, Heartattack and Vine, tó jáde ní 1980, Kathleen Brennan tó gbé níyàwó lọ́dún yẹn gan-an ló sì fi pọ́n lé.

Ó yé mi bí àṣìṣe náà ṣe wọlé. Ọmọ New Jersey, ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà tí "Jersey" inú orúkọ orin náà ń tọ́ka sí, ni Springsteen. Ta ni kò ní gbà pé tirẹ̀ ni? Ní July 1981, nígbà tí wọ́n ṣí gbọ̀ngàn ńlá Meadowlands níbẹ̀, ó kọ orin náà fáwọn ará ìpínlẹ̀ rẹ̀. Èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóṣù náà ló kádìí àwo Live/1975–85.

Kì í kúkú ṣe pé Springsteen ò fọwọ́ kàn án o. Ibi tí Waits ti dárúkọ àwọn aṣẹ́wó, ọmọbìnrin lásán ni Springsteen pè wọ́n. Ó tún fi ẹsẹ kan kún un: iṣẹ́ ti tán obìnrin inú orin náà lókun, ó múra tán láti jáde, àmọ́ orí bẹ́ẹ̀dì lọkùnrin tó fẹ́ mú un jáde bá a, ó ti sùn lọ fọnfọn, ọmọ obìnrin náà sì wà níbẹ̀ tí wọ́n máa gbé lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà. Lójú tèmi, ẹsẹ yẹn ló dùn jù. Síbẹ̀, àfikún ni.

Waits fúnra rẹ̀ bá a kọ ọ́ lórí ìtàgé ní Los Angeles ní August 1981.