Gbogbo Ẹni Tó Ń Jẹ́ Balógun Kọ́ Ni Ẹbí Kan Náà

Ní Ìjẹ̀bú àti ní Rẹ́mọ, bí ẹni méjì tí wọn kò mọ ara wọn rí bá pàdé níbi ìnáwó, tí orúkọ ìdílé àwọn méjèèjì sì jẹ́ Balógun, kò ní pẹ́ tí àgbàlagbà kan yóò fi sọ fún wọn pé ọmọ ilé kan náà ni wọ́n, pé bóyá ogun tàbí òwò ni ó tú àwọn bàbá ńlá wọn ká. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á gba nọ́ńbà fóònù ara wọn, ọ̀rọ̀ náà kò sì ní pa ẹnikẹ́ni lára. Ìgbà tí ó ń di wàhálà ni ìgbà tí ọmọ bá mú àfẹ́sọ́nà wálé, tí bàbá sì kọ̀ jálẹ̀ pé Balógun kì í fẹ́ Balógun, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wọ́n. Ìgbàgbọ́ yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí a bọ̀wọ̀ fún ni wọ́n ń sọ ọ́.

Oyè ni Balógun kí ó tó di orúkọ ìdílé. Olórí àwọn jagunjagun ìlú ni wọ́n ń fi jẹ ẹ́, ìlú tí ó bá sì ti jagun rí nílẹ̀ wa kì í ṣàìní tirẹ̀. Bí ẹni tí ó wà lórí oyè náà bá kú, akíkanjú mìíràn ni wọ́n sábà ń wá, agboolé tí ó sì ti wá lè yàtọ̀ pátápátá sí ti ẹni àkọ́kọ́. Ẹ wo Ṣágámù nìkan: ìlú 13 ni ó para pọ̀ di Ṣágámù ní 1872, Òfin àti Mákùn wà lára wọn, kálukú sì kó àwọn ìjòyè tirẹ̀ dé ibùdó tuntun náà. Mi ò tíì ka Balógun Mùsùlùmí, Balógun ìjọ àti Balógun ẹgbẹ́ mọ́ ọn, oyè tí àwọn tí kò mú ìbọn dání rí ń jẹ títí di òní, tí àwọn ọmọ wọn náà sì lè fi ṣe orúkọ.

Ẹni tí kò bá gbà, kí ó lọ wo Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá. Lẹ́yìn tí àwọn Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, bá ti jó kọjá, ìdílé àwọn Balógun àtijọ́ ni yóò máa wọlé lórí ẹṣin lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdílé Balógun Kúkù á wọlé, ti Balógun Odùnúgà á wọlé, ti Balógun Aláúsá àti ti Balógun Alátiṣe náà á wọlé, àti àwọn mìíràn tí wọ́n tẹ̀lé wọn. Aṣọ tí ìdílé kan dá kì í ṣe ti èkejì, ọ̀ṣọ́ tí wọ́n fi sọ́rùn ẹṣin yàtọ̀, onílù tí ó ń sáré tẹ̀lé ẹṣin ilé kan kò sì jẹ́ fi ìlù ki bàbá ńlá ilé mìíràn. Bí ìbọn bá dún, tí èéfín àti eruku bo ojú agbo, etí lẹ ó fi mọ ilé tí ó ń kọjá. Ìdílé wọ̀nyí ń fẹ́ ọmọ ara wọn, wọ́n sì ń bá ara wọn díje níwájú Awùjalẹ̀; ẹ̀rí wo ni a tún ń wá pé wọn kì í ṣe ẹbí kan?

Bí oyè ṣe wá di orúkọ ni ó ṣì ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n ní 1892, orúkọ àbísọ, oríkì àti agboolé ti tó láti dá ènìyàn mọ̀. Ìwé ìjọ, ìwé owó orí àti ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè orúkọ kejì. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àṣà wa kò fàyè gba kí ọmọdé máa la orúkọ àgbàlagbà mọ́lẹ̀. Bí ó bá jẹ́ olóyè, oyè rẹ̀ la fi ń pè é. Nítorí náà, bí tíṣà bá bi ọmọ pé, "Ta ni bàbá rẹ?", ọmọ á ní, "Balógun ni, sà," tíṣà á sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú rẹ́jísítà. Àbúrò rẹ̀ tí ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn lè dárúkọ bàbá bàbá wọn, èyí tí ó ń gbé lọ́dọ̀ ẹbí ìyá rẹ̀ sì lè gba orúkọ ẹni tí ó tọ́ ọ. Ọmọ bàbá kan náà á wá máa jẹ́ orúkọ mẹ́ta, láìjẹ́ pé ìjà kankan wáyé. Ní ti Bello Kúkù tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú àwọn Balógun Ìjẹ̀bú-Òde, orúkọ rẹ̀ ni àwọn ìran rẹ̀ tí a mọ̀ jù ń jẹ́, kì í ṣe oyè rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wá ẹ̀jẹ̀ akọni yìí láàárín àwọn tí ń jẹ́ Balógun, ibi tí kò sí ni ó ń wá a sí.

Láàárín àwọn olókìkí, ọ̀rọ̀ náà tún hàn kedere. Kọ́lá Balógun tí ó ṣe mínísítà ní àwọn ọdún 1950 lábẹ́ àsíá ẹgbẹ́ NCNC, ọmọ Òtán-Ayégbajú ni. Kọ́lá Balógun tí ó ṣojú Gúúsù Ọ̀yọ́ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà láti 2019 sí 2023, ọmọ Ìbàdàn ni, àbúrò Ọba Lekan Balógun tí wọ́n gorí ìtẹ́ Olúbàdàn ní 2022, tí wọ́n sì wàjà ní 2024. Tafa Balógun, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá láti 2002 sí 2005, ará Ìlá Ọ̀ràngún ni. Ti Ọba Lekan ni ó dùn mọ́ mi jù. Ìlà méjì ni àwọn ìjòyè ń gbà dé orí ìtẹ́ ní Ìbàdàn, ìlà Ọ̀tún àti ìlà Balógun. Ẹni tí ó ń wò láti òkèèrè á rò pé ìlà Balógun ni Ọba Balógun gbà. Ọ̀tún Olúbàdàn ni wọ́n kí wọ́n tó jọba. Ọba Owólabí Ọlákùléhìn tí wọ́n jẹ tẹ̀lé wọn ni wọ́n gba ìlà Balógun.

Àwọn ọ̀dọ́ náà ní tiwọn. Ṣé àbúrò Leon ni Folarin ni ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi ara wọn nídìí bọ́ọ̀lù. Ìlú Berlin ní Jámánì ni wọ́n ti bí Leon Balogun ní 1988, ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Jámánì, Nàìjíríà ni ó sì gbá bọ́ọ̀lù fún ní ìdíje Ife Àgbáyé 2018. Ìlú New York ni wọ́n ti bí Folarin Balogun ní 2001, ó dàgbà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì yan Amẹ́ríkà ní 2023. Wọn kì í ṣe ọmọ ìyá, wọn kì í sì í ṣe ọmọ bàbá.

Orúkọ àbísọ tí ó di orúkọ ìdílé kò yàtọ̀. Adéyínká Adébáyọ̀ tí ó ṣe gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn láti 1966 sí 1971 jẹ́ ọmọ Ìyìn-Èkìtì, nígbà tí Cornelius Adébáyọ̀ tí ó ṣe gómìnà Kwara ní 1983 wá láti Òkè-Onígbìn.

Ẹ jẹ́ kí a tún yí i padà. Bàbá Wọlé Ṣóyínká jẹ́ ọmọ Ìṣarà-Rẹ́mọ, ṣùgbọ́n nípasẹ̀ ìyá rẹ̀, ìbátan ni òun àti Fẹlá. Ẹni tí ó bá ń fi orúkọ wá ẹbí kò lè rí ìyẹn. Fẹlá fúnra rẹ̀ pa Ransome tì nínú Ransome-Kuti tí ó jẹ́ orúkọ ìdílé wọn, ó mú Aníkúlápó, nígbà tí Olikoye àti Beko tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá àti bàbá kan náà kò pa orúkọ wọn dà.

Àwọn kan á ní kò sí ohun tó burú nínú kí òbí ṣọ́ra. Mo gbà, bí ó bá jẹ́ ìṣọ́ra ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó lé Balógun Ìjẹ̀bú-Igbó padà nítorí orúkọ, tí ó sì gba ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ wọlé nítorí pé orúkọ mìíràn ni ó ń jẹ́, kò ṣọ́ra rárá. Ìwádìí tí àwọn àgbà ń ṣe kí wọ́n tó gba ìdána kò bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ inú ìwé. Wọ́n máa ń béèrè agboolé bàbá àti ti ìyá, oríkì ìran, èèwọ̀ ilé, oko tí ẹbí jọ ń dá, àti ẹni tí ó jókòó gẹ́gẹ́ bí ẹbí níbi ìsìnkú bàbá àgbà. Bí ọ̀dọ́ méjì tí ń jẹ́ Balógun bá dé iwájú yín, ẹ bi wọ́n pé Balógun ìlú wo ni, kí ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ kí ó tó joyè, agboolé wo sì ni wọ́n sin ín sí.