Kí làkúrègbé rọlẹ̀ ò ní kí egungun má máa fúyẹ́

Ẹni tó bá ti gbé Ìbàdàn pẹ́ díẹ̀ á ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, yálà ní ọjà Bódìjà tàbí nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìwó Road: oríkèé ni làkúrègbé ń bá jà, kò kan egungun, bí ìrora bá ti lọ, a jẹ́ pé egungun ti le padà nìyẹn. Àwọn mìíràn á tún fi kún un pé àwọn arúgbó òyìnbó ni egungun wọn máa ń fúyẹ́, pé egungun àwa tó ń jẹ àmàlà kò mọ irú rẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kàwé dáadáa. Ìgbàgbọ́ yìí ń ṣe àwọn ìyá wa léṣe gan-an, ó yẹ ká tú u wò.

Làkúrègbé kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Èyí tó ń mú orúnkún àgbàlagbà tó ti ru ẹrù fún ọ̀pọ̀ ọdún yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí àwọn dókítà ń pè ní rheumatoid arthritis. Nínú ti ẹ̀yìn yìí, àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀, tó yẹ kí wọ́n máa bá kòkòrò àrùn jà, ló kẹ̀yìn sí ara tó ni wọ́n, tí wọ́n wá ń kọlu awọ tó bo inú oríkèé. Òtútù kọ́ ló ń fà á, ayé kọ́ ló sì ń ṣeni. Kì í dúró de ogbó: ó lè bẹ̀rẹ̀ lára ẹni ọdún 30, àwọn obìnrin tó sì ń mú tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta àwọn ọkùnrin.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí láàárọ̀. Ìyá tó ń ta èlùbọ́ jí ní agogo márùn-ún kó lè tètè dé ìsọ̀. Ìdí àwọn ìka ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti wú, wọ́n gan, wọn ò ṣeé ká. Kò lè so ìró rẹ̀ kó dúró. Àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ló fi ń há ìdérí ike omi kó tó lè ṣí i. Ó di nǹkan bí agogo méje kí ọwọ́ yẹn tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Orúnkún tó ti gbó kì í ṣe báyẹn. Tirẹ̀ máa ń dunni bí a bá ti rìn tàbí ru ẹrù, á sì rọlẹ̀ bí a bá jókòó. Oríkèé kéékèèké tó wú, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, tó ń gan fún bíi wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láràárọ̀, ẹ má fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ falẹ̀ rárá.

Ó wá ku egungun. Lójoojúmọ́ ni ara ń wó díẹ̀ nínú egungun tó sì ń kọ́ tuntun dípò rẹ̀, bí ilé tí àwọn bíríkìlà ò kúrò nídìí rẹ̀. Títí di nǹkan bí ọdún 30, kíkọ́ ló ń ṣáájú. Lẹ́yìn ìyẹn, wíwó á máa borí díẹ̀díẹ̀, bí nǹkan oṣù obìnrin bá sì ti dáwọ́ dúró, á yára sí i. Rheumatoid arthritis wá ń ti iná yìí. Ìjà inú oríkèé ń tú àwọn kẹ́míkà kan sínú ẹ̀jẹ̀, àwọn wọ̀nyí ló sì ń ta àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń wó egungun jí. Wọn ò dúró sí ọwọ́ tó ń wú. Ẹ̀jẹ̀ ń gbé wọn dé egungun ẹ̀yìn àti ìbàdí, níbi tí ìrora kankan ò sí. Nígbà tí University of Sheffield gbé ìṣirò tí wọ́n ń pè ní FRAX jáde ní 2008, èyí tí dókítà fi ń wo bó ṣe ṣeé ṣe tó kí egungun èèyàn ṣẹ́ láàárín ọdún 10, wọ́n fi rheumatoid arthritis sí i ní ìbéèrè tó dá dúró, àyè ara rẹ̀ ló wà.

Ìrora ò lè sọ fún yín bí egungun yín ṣe rí, torí egungun tó ń fúyẹ́ kì í dunni títí ọjọ́ tó máa ṣẹ́. Ẹsẹ̀ yọ̀ lórí táìlì ilé ìwẹ̀, ọrùn ọwọ́ ṣẹ́. Èèyàn tẹ̀ba gbé garawa omi, ọ̀kan nínú egungun ẹ̀yìn fọ́. Ti ẹ̀yìn yìí mìíràn ò tiẹ̀ ní jẹ́ kí ẹni náà mọ̀. Ìró tó ń dé ọrùn ẹsẹ̀ tẹ́lẹ̀ á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀, a ó sì máa sọ pé ìyá ti ń darúgbó.

Ohun tó ń bí mi nínú jù lọ ni àpòpọ̀ oògùn inú ọ̀rá. Èèyàn á lọ sí kẹ́mìsì, á ní gbogbo oríkèé ń ro òun, wọ́n á da oríṣiríṣi hóró pọ̀ fún un, funfun, òfeefèé, kékeré kan láàárín wọn, láìsí orúkọ kankan lára rẹ̀. Kó tó di ọjọ́ kẹta, ara á yá. Prednisolone tàbí dexamethasone (dexa), àwọn oògùn tó ń mú kí ìwú rọlẹ̀, lè wà nínú rẹ̀. Oògùn gidi ni méjèèjì, dókítà náà ń lò wọ́n, ṣùgbọ́n ó ń díwọ̀n wọn, ó sì ń ka ọjọ́ wọn. Wọ́n ń dá àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń kọ́ egungun dúró, oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà àkọ́kọ́ ni egungun sì ń lọ jù. Prednisolone tí kò ju 2.5 mg lọ lóòjọ́ pàápàá, bó bá ti pé oṣù mẹ́ta, ọ̀rọ̀ egungun ti dé nìyẹn. Àwọn oṣù tí èèyàn ń dúpẹ́ pé egungun òun ti le gan-an ni egungun ń tán lára rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó ń lo dexa kí ara wọn lè kún, ewu kan náà ni.

Síbẹ̀, ẹni tó ti ń lò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì. Ara ti dẹ́kun ṣíṣe èròjà tirẹ̀ tó jọ oògùn náà; ẹni náà lè dákú. Dókítà ló máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ti àwọ̀ dúdú, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ìwádìí ní Amẹ́ríkà fi hàn pé egungun àwọn aláwọ̀ dúdú sábà máa ń ki ju ti àwọn òyìnbó lọ. Ọ̀rọ̀ gbogbogbòò nìyẹn. Kò gba ẹni tí rheumatoid arthritis ń bá jà, tó tún ń gbé dexa mì.

Ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ti wà lójú ọ̀nà Òrìta Mẹ́fà láti 1957. Ẹ lọ síbẹ̀, kí ẹ béèrè àwọn dókítà oríkèé. Ìtọ́jú tó bá pa ìjà inú oríkèé, irú bíi methotrexate, ń gba egungun là pẹ̀lú. Ẹ béèrè nípa àyẹ̀wò tó ń jẹ́ DXA, èyí tó ń wo bí egungun ṣe ki tó: èèyàn á kàn sùn gbalaja, ẹ̀rọ á kọjá lórí rẹ̀. Bí èsì bá jẹ́ -2.5 tàbí kó rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, ìlànà tí àjọ ìlera àgbáyé là sílẹ̀ ní 1994 ní osteoporosis, àrùn egungun tó fúyẹ́, nìyẹn, oògùn sì wà fún un. Wàrà, ewédú àti ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ tegungun-tegungun dára, obìnrin tó ti lé ní 50 nílò kálísíọ̀mù 1,200 mg lóòjọ́. Ẹ máa rìn dáadáa.

Bí ẹ bá sì ń lọ rí dókítà, ẹ mú ọ̀rá oògùn náà dání, kí ẹ sọ iye oṣù tí ẹ ti ń lò ó fún un láìfi bò.