Irọ́ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbé inú National Park rí

Bí a bá dárúkọ National Park, igbó kìjikìji tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò tẹ̀ rí ló máa ń wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òfin ló ń sọ ilẹ̀ di National Park: òun ló ń pa ààlà, tó ń yan alábòójútó, tó sì ń ka èèwọ̀ ibẹ̀. Àwọn onílẹ̀ sábà máa ń wà níbẹ̀ kí òfin tó dé.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1872 ni Ààrẹ Ulysses Grant buwọ́ lu òfin tó sọ Yellowstone ní Amẹ́ríkà di National Park, èyí tí wọ́n sábà máa ń pè ní National Park àkọ́kọ́ láyé. Àmọ́ ó ti lé ní 11,000 ọdún tí àwọn ènìyàn ti ń wa òkúta dúdú ní òkè Obsidian Cliff níbẹ̀. Bí wọ́n bá là á, etí rẹ̀ a mú bí abẹ, òun ni wọ́n fi ń ṣe orí ọfà àti ọ̀bẹ. Wọ́n ti hú òkúta yìí kan náà jáde nínú òkìtì àtijọ́ ní ìpínlẹ̀ Ohio, ó sì ju 2,000 kìlómítà lọ síbẹ̀. Àwọn Tukudika, ẹ̀yà Shoshone tó ń dọdẹ àgùntàn orí òkè, ń gbé níbẹ̀ kí wọ́n tó kó wọn lọ sí ibi tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún wọn.

Yosemite, National Park mìíràn ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, ni àṣìṣe pé ẹnikẹ́ni kò gbé ibẹ̀ rí ti ṣe ọṣẹ́ tó hàn sójú jù. Ní 1851 ni ọmọ ogun wọ àfonífojì náà láti lé àwọn Ahwahneechee, àwọn onílẹ̀ ibẹ̀. Àwọn àlejò tó wá wòran lẹ́yìn náà rò pé bí Ọlọ́run ṣe dá pápá gbalasa ibẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni! Àwọn Ahwahneechee a máa dáná sun koríko lóòrèkóòrè. Iná pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ kì í sábà pa àgbà igi óákù, tí wọ́n ń lọ èso rẹ̀ jẹ, àmọ́ ó ń pa ọmọ igi páìnì àti sídà. Nígbà tí ìjọba fòfin de iná, páìnì àti sídà ya wọ pápá, wọ́n ga ju óákù lọ, wọ́n sì gba oòrùn mọ́ ọn lójú. Igi gbígbẹ wá kún ilẹ̀, tó fi jẹ́ pé iná tó bá ràn báyìí, orí igi ló ń gùn. Láti nǹkan bí 1970 ni àwọn alábòójútó fúnra wọn ti tún ń dáná sun ibẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Abẹ́ òfin 1949 ni wọ́n sọ Peak District, agbègbè kan níbẹ̀, di National Park ní 1951. Abúlé àti oko wà nínú rẹ̀ títí dòní, aládàáni ló sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé síbẹ̀ ní láti gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn alábòójútó.