Ìdájọ́ Ṣàríà Kì í Ṣe Ọ̀rọ̀ Ẹnu Aáfà Kan

Níbi àdúà ọjọ́ mẹ́jọ kan láìpẹ́ yìí, ẹnìkan tún là á mọ́lẹ̀ pé: "Ṣàríà ò ní ìgbìmọ̀. Aáfà kan á ṣí ìwé, ohun tó bá ti rò, òfin nìyẹn." Mo ti gbọ́ ọ títí, ó sú mi.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n màmá mi kú n'Ílọrin, wọn ò bímọ, òbí wọn ti lọ. Ọkọ wọn ló kù, àti àbúrò obìnrin méjì, ọmọ ìyá ọmọ bàbá. Àlùkùránì fún ọkọ ní ìlàjì, ó fún àbúrò méjèèjì ní ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ẹ ro ó pọ̀: ogún náà ò lè ká a. Màmá mi ní aáfà fẹ́ rẹ́ àwọn jẹ. Aáfà bá ka hóró tẹ̀sùbáà méje: mẹ́ta fún ọkọ, méjì-méjì fún àwọn àbúrò. Wọ́n ní, "Àwọn Sàhábà, alábàárìn Ànábì, ló jókòó pín in báyìí."

Mo wádìí, òótọ́ ni. Irú ogún yìí gan-an ló dé iwájú Umar, Kálífà kejì tó jẹ́ olórí àwọn Mùsùlùmí lẹ́yìn Ànábì. Ó lágbára láti dá a fúnra rẹ̀, àmọ́ ó ní òun ò mọ èyí tí Ọlọ́run fi ṣíwájú nínú wọn àti èyí tó fi sẹ́yìn, ló bá pe àwọn Sàhábà jọ. Ìròyìn tó gbajúmọ̀ ni pé Abbas, àbúrò bàbá Ànábì, ló bi í pé: bí ẹnìkan bá kú, tó fi dírhámù mẹ́fà sílẹ̀, tó jẹ Lágbájá ní gbèsè mẹ́ta, tó jẹ Tàmẹ̀dò ní gbèsè mẹ́rin, ńkọ́? Ọ̀nà méje ni wọn ó pín in sí, kálukú á pàdánù díẹ̀. Àwùl ni wọ́n ń pè é. Ibn Abbas, ọmọ Abbas fúnra rẹ̀, kò fara mọ́ ọn lẹ́yìn ikú Umar, àmọ́ mádíhábì (ìlànà òfin) Sunni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gbà á, títí kan ti Màlíkì tí à ń tẹ̀ lé.

Lóòótọ́, ní kóòtù ìsàlẹ̀, adájọ́ kan lè dá jókòó. Àmọ́ abala 278 nínú òfin Nàìjíríà ti 1999 ní Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn Ṣàríà ò gbọdọ̀ jókòó bí Kádì, ìyẹn adájọ́ Ṣàríà, ò bá pé mẹ́ta. Mo ti jókòó lẹ́yìn nínú ti Ìlọrin. Mo rí i bí wọ́n ṣe ń forí korí, tí èyí ń ṣí ìwé han tọ̀hún.

Àwọn tó ní ilẹ̀kùn ìjìtìhádì, ìyẹn kí onímọ̀ ronú jinlẹ̀ wá ìdájọ́ fún ọ̀rọ̀ tuntun, ti tì pa ńkọ́? Ní 1986, n'Ámmán, ìgbìmọ̀ onímọ̀ fíkì, ìyẹn ìmọ̀ òfin Ìsìláàmù, láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ gbé ọ̀rọ̀ ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti kú pátápátá yẹ̀ wò, tó jẹ́ ẹ̀rọ ló ń bá a mí. Ẹ̀rí àwọn dókítà ni wọ́n gbé e lé, wọ́n ní a lè kà á sí òkú. Ojú ewé wo ni aáfà kan ì bá ṣí kó rí ìyẹn?

Màmá mi gba ìdá méjì wọn nínú méje. Bí ará àdúgbò bá ń jà sógún báyìí, màmá mi gan-an ló ń mú tẹ̀sùbáà, tí wọ́n ń ka hóró méje sọ́tọ̀.