Ẹsẹ̀ ló yẹ kí ẹ fi rìn ín

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àmọ́ ibi tí ẹ ti ní nínú àpilẹ̀kọ yín kí àlejò háyà mọ́tò yí àwọn ibi ìtàn Ṣẹ́hù Usman dan Fodio, aṣáájú àtúnṣe ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ká ní Sókótó, mi ò fara mọ́ ọn. Èmi tí mò ń gbé ibí, ẹsẹ̀ ni mo máa ń ní kí àwọn ará ilé tó bá wá láti Ìlọrin fi rìn. Láti ààfin Sultan, mọ́ṣáláṣí Ṣẹ́hù àti ti Bello ò jìnnà, bẹ́ẹ̀ náà ni Hubbare, níbi tí wọ́n sin Ṣẹ́hù sí ní 1817. Muhammad Bello ọmọ rẹ̀ ló tẹ ìlú náà dó ní 1809.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ẹ ò dárúkọ Nana Asma'u rárá, bẹ́ẹ̀ Hubbare kan náà ni wọ́n sin òun náà sí. Ọmọbìnrin Ṣẹ́hù yìí kọ ewì ní Fulfulde, Haúsá àti Lárúbáwá, ó sì kó àwọn obìnrin olùkọ́ jọ, Yan Taru, tí wọ́n ń kọ́ àwọn obìnrin ìgbèríko ní ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn. Malfa, fìlà koríko ńlá, ni àwọn aṣáájú wọn ń dé. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ ọkùnrin nìkan ni àtúnṣe ẹ̀sìn yẹn, kó lọ béèrè níbẹ̀.

Ẹ tètè jáde láàárọ̀ ṣá, oòrùn Sókótó ò mojú àlejò. Kí obìnrin borí, kí ẹ sì tọrọ àyè kí ẹ tó ya fọ́tò.