Wọ́n Lọ Sọ́mà, Wọ́n Fi Òtútù Sílẹ̀ Nílé

Ṣé ẹ ti gbọ́ o, sọ́mà ti wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ̀rùn àti òjò làwọn bàbá wa mọ̀, ọyẹ́ á kàn yọjú díẹ̀ kó tó sá lọ, ṣùgbọ́n ní báyìí tóo bá lọ kí àwọn èèyàn ńlá ńlá ní Molípa lóṣù kẹjọ, géètì lo máa bá sọ̀rọ̀. "Mọ́mì ti lọ sọ́mà." Kí ló lé wọn? Wọ́n ní ooru ni.

Ooru oṣù kẹjọ kẹ̀! Oṣù tí ojú ọ̀run ń ṣú bí ojú ẹni tó wá sin gbèsè, tí aṣọ táa sá ní Mọ́ńdè ò tíì gbẹ di Fúráìdè, tí gààrí gan-an ń rọ̀ nínú àpò, tí èmi ń fi aṣọ òfì ìyá mi bora sùn. Oṣù kẹta tí ooru ń se wá bí ewùrà, gbogbo wọn wà nílé, wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ra, wọ́n ń bú àwọn oníná. Ìgbà tí Ọlọ́run wá tan éè-sí tiẹ̀ fún gbogbo ìlú lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Èyí tó wà lẹ́nu wọn báyìí ni Ifrane, ìlú kékeré kan lórí òkè Atlas ní Mòrókò. Àwọn Faransé ló tẹ̀ ẹ́ dó ní bíi 1929, ooru ìlú Fès àti Meknès nísàlẹ̀ fẹ́ pa wọ́n, ni wọ́n bá gun òkè lọ, ó lé ní mítà 1,600, wọ́n kọ́lé olórùlé pupa ṣóńṣó bíi tìlú wọn. Ti òyìnbó yẹn yé mi. Ooru mú un, ó sá. Ìjẹ̀bú ọmọ alárè tó ti ń náwó kí òyìnbó tó dé, kí ló ń lé ẹ̀yin?

Àǹtí kan nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ tibẹ̀ dé. Fótò mẹ́tàdínlógójì ló kó sórí WhatsApp, mẹ́rìnlélógún nínú ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kìnìún olókùúta tó wà nílùú yẹn, ẹ ó rò pé kìnìún ló san owó ọkọ̀. Súẹ́tà lọ́rùn, síkáàfù lé e, ó wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé "òtútù ibí fẹ́ pa mí o." Mo fẹ fótò náà tóbi. Òógùn ni mo rí! Ó ti ṣàn dé ìpéǹpéjú, ó ti kó pọ́dà lọ. Torí òtútù tí wọ́n fi ń yangàn yẹn, ti oṣù kejì 1935 ni, nígbà tó fi dígírì Celsius 23.9 lọ sábẹ́ òdo, wọn ò tíì kọ irú ẹ̀ sílẹ̀ níbòmíì ní Áfíríkà. Lóṣù kẹjọ, ọ̀sán ibẹ̀ ń sún mọ́ dígírì 30, alẹ́ ló ń tutù. Wọ́n ní ó gbé gààrí Ìjẹ̀bú kọ́ńgò méjì dání, omi òkè ló fẹ́ fi mu ún.

Àwọn yìí kan náà ló ń wọ dàmáskì tó wúwo bí àpò sìmẹ́ńtì lọ Ojúde Ọba lọ́jọ́ kẹta Iléyá, oòrùn á wà lórí wọn látàárọ̀, wọ́n á máa jó, kò sẹ́ni tó máa ní ooru ń mú òun. Ooru kì í mú èèyàn níbi tí kámẹ́rà bá wà.

Nípàdé wa ọjọ́ Sọ́ńdè, wọ́n ti fẹnu kò, gbogbo ẹgbẹ́ ń lọ lọ́dún tó ń bọ̀, súẹ́tà la máa fi ṣe aṣọ ẹbí. Mo dìde láti ta kò ó. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ san owó oṣù mẹ́ta tí mo jẹ. Mo jókòó. Àwọ̀ wáìnì ni wọ́n mú fáwọn ọkùnrin, mo ti san ìdajì.