Ta ló máa fọwọ́ sí láísẹ́ǹsì ẹnu?

Sọ́ńdè tó kọjá, ìjà fẹ́ẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ nínú gúrúùpù WhatsApp ẹbí wa o. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé Houston ló dá a sílẹ̀. Wọ́n ní ìbọn tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn àti ọ̀rọ̀ táwọn ń kọ sórí Facebook, ẹ̀tọ́ kan náà ni, pé ìjọba tó bá lè gba ìbọn lọ́wọ́ ẹ, ó ń bọ̀ wá pa ẹ́ lẹ́nu mọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó mí, Àǹtí mi, àbúrò màmá mi tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà n'Íbàdàn, ti fèsì: "Tó bá jẹ́ ọ̀kan náà ni, kí wọ́n kúkú máa fún ẹnu náà ní láísẹ́ǹsì. Ẹni tí ò bá ní, kó panu mọ́." Làwọn èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Èmi ò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà torí àgbà méjì ló ń sọ̀rọ̀, àmọ́ ó ń jẹ mí lọ́kàn látìgbà yẹn, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ síbí. Àwọn méjèèjì ń bára wọn jà, síbẹ̀ oríta kan náà ni wọ́n ti ṣìnà: wọ́n sọ ẹnu àti ìbọn di ọmọ ìyá.

Mo mọ ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń bọ̀ ṣá. Ọjọ́ kan náà ni méjèèjì wọ inú òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà lọ́dún 1791, òmìnira ọ̀rọ̀ ló ṣáájú, ìbọn ló tẹ̀ lé e. Ní Texas tí wọ́n wà yẹn, látoṣù September 2021, tó o bá ti pé ọmọ ọdún 21 tí òfin ò sì dè ẹ́ lọ́nà, o lè ki ìbọn ìléwọ́ bọ bẹ́líìtì kó o jáde láìgbàwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ilé wa ńkọ́? Section 39 nínú òfin ilẹ̀ Nàìjíríà fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀, kò síbi tó ti fún wa nìbọn. Òfin ìbọn tiwa ti wà láti 1959, kí òyìnbó tó kẹ́rù lọ, ó ní ìbọn ìléwọ́ ò gbọdọ̀ sí lọ́wọ́ aráàlú àfi tí Ààrẹ bá fọwọ́ sí i, kódà ṣakabùlà gbọ́dọ̀ níwèé. (Ṣakabùlà bàbá mi àgbà ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kí wọ́n tó bí mi, ìwé kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé ó wà nínú yàrá yẹn ni kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ fún yín o.)

Ibi tọ́rọ̀ yìí ti wá yé mi dáadáa ni ti New Zealand. Ní March 15, 2019, ọkùnrin kan wọ mọ́ṣáláṣí méjì ní Christchurch, èèyàn 51 ló kú, ó sì ń fi gbogbo ẹ̀ hàn láàyè lórí Facebook bó ṣe ń yìnbọn. Ẹ̀dà fídíò yẹn tí Facebook yọ kúrò láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́ lé ní mílíọ̀nù kan! Nítorí náà ìbọn àti íntánẹ́ẹ̀tì ló jọ ṣiṣẹ́ ibi lọ́jọ́ yẹn, ìjọba wọn sì fọwọ́ kan méjèèjì. Kò pé oṣù kan tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn fi gbẹ́sẹ̀ lé ọ̀pọ̀ ìbọn semi-automatic irú tàwọn ológun, èèyàn 119 ló gbà, ẹnì kan péré ló kọ̀. Fídíò náà, wọ́n ní ẹni tí wọ́n bá bá a lọ́wọ́ ẹ̀ ti dáràn.

Àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é o. Tìbọn, gbogbo èèyàn ni wọ́n gbà á lọ́wọ́ wọn, títí kan àgbẹ̀ tí ò ṣẹ ẹnikẹ́ni, ìjọba sanwó fún wọn. Tọ̀rọ̀, wọn ò ní kí ará New Zealand wá gbàwé kó tó lè ṣe fídíò. Fídíò kan ni wọ́n mú, wọ́n fi aráàlú sílẹ̀ kó máa sọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn lójú tèmi.

Torí ẹ jẹ́ ká bi Àǹtí mi, láísẹ́ǹsì ẹnu yìí, ta ló máa fọwọ́ sí i? Ọlọ́pàá ló ń fún ọdẹ níwèé ìbọn, ọdẹ ò sì dọdẹ ọlọ́pàá. Ìgbà wo ni wọ́n ní kí ìgalà máa fọwọ́ sí láísẹ́ǹsì ọdẹ? Ẹnu wá yàtọ̀, torí ẹran tí ẹnu wa ń dọdẹ ẹ̀ jù ní ilẹ̀ yìí, ìjọba ni, àwọn náà la tún máa lọ tọrọ ìwé lọ́wọ́ wọn.

A ṣáà ti rí i. Òfin Cybercrimes 2015, section 24, sọ pé irọ́ tó o bá kọ sórí ayélujára láti fi bí èèyàn nínú tàbí láti fi bú u, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta tàbí mílíọ̀nù méje náírà ni, tàbí méjèèjì pa pọ̀. Ta ló ń wọn ìbínú? Ta ló máa pinnu pé irọ́ ni? Ọ̀gbẹ́ni kan ládùúgbò wa kọ nǹkan nípa bọ́rọ́hòòlù tí wọ́n ní àwọn gbẹ́ tí ò sómi níbẹ̀, alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n wá gbé e, ó sùn síbẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, wọn ò gbé e lọ sí kóòtù kankan, ó jáde, ó dákẹ́. Bọ́rọ́hòòlù ò tíì lómi dòní. Kóòtù ECOWAS sọ ní March 2022 pé section yẹn ò dáa, 2024 ni wọ́n tó tún un ṣe, wọ́n yọ ọ̀rọ̀ bíbíni nínú yẹn kúrò, wọ́n fi dídá ìlú rú sí i, ìyẹn náà sì fẹ̀ bí ọjà. Ìbọn ní apátí, ìbọn ò ní apátí, ta ló jẹ́ jẹ́ kí wọ́n kọjú ẹ̀ sóun? Òfin yẹn gan-an nìbọn tó ń bà mí lẹ́rù, kì í ṣe ohun tí ará àdúgbò mi kọ.

Ẹ rántí Twitter náà. June 2021, Twitter pa ọ̀rọ̀ Buhari kan rẹ́, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ ìjọba ti Twitter pa fún gbogbo wa títí di January 2022. Mo wà ní Mushin, fóònù mi ń sọ pé Netherlands ni mo wà, nítorí VPN, áàpù tó ń fi ibi téèyàn wà pa mọ́.

Mo gbà pé ẹnu ń pààyàn o. Ẹnì kan á pariwo lọ́jà pé wọ́n ti gba nǹkan ọmọkùnrin òun, kẹ́ ẹ tó mọ̀, táyà ti wà lọ́rùn aláìṣẹ̀. Ẹni tó pariwo yẹn, ẹ mú un, ẹ fojú ẹ̀ ba kóòtù, mi ò ní bẹ̀bẹ̀ fún un. Àmọ́ ohun tó ṣe lẹ máa fi mú un, ó sì lórúkọ. Ìyẹn ò wá ní kí gbogbo ọjà máa gbàwé kí wọ́n tó polówó.

Mo kọ́kọ́ ju gbogbo èyí sínú gúrúùpù kí n tó gbé e síbí. Ẹ̀gbọ́n mi fi ẹ̀rín ránṣẹ́ láti Houston. Àǹtí mi ò dáhùn, ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí wọ́n fọ́wáàdì fídíò AI kan sí wa, pé ewé kan báyìí ń wo jẹ̀díjẹ̀dí àti HIV lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ní, ẹ kú iṣẹ́ mà, ẹ jọ̀ọ́, láísẹ́ǹsì yín dà? Wọ́n ti kà á. Wọn ò tíì fèsì.